Orúkọ Mẹ́tàlá Tí Ẹnikẹ́ni Kò Jẹ́

"Ráfátù Ọ̀ṣínówò!"

"Mo wà ńbí o!"

Mùínátù gbé ojú kúrò lórí ìwé. Ẹ̀yìn ni ohùn náà ti wá, ohùn obìnrin, ó mọ́ ketekete bí omi inú àwo. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo àwọn ìyá tó jókòó sórí ẹní níwájú mọ́ṣáláṣí, kò sí ẹni tó dìde. Ìborùn funfun ni wọ́n dà borí, wọ́n sì tẹrí ba. Kò rí ẹnu tó mì.

"Ẹ jọ̀ọ́ o, ẹ̀yin ìyá wa, ta ní ń jẹ́ Ráfátù? Kí wọ́n wá tẹ̀ka."

Gbogbo ilẹ̀ pa lọ́lọ́. Ewúrẹ́ tó ń họ ara mọ́ ògiri pàápàá dúró.

"Ìwọ máa pè é lọ, ọmọ mi," ni Alhaja Fàtímọ̀ wí. Òun ni akọ̀wé ẹgbẹ́ alásàlátù Ìbẹfun. Obìnrin kékeré ni, ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, ẹ̀rín kì í sì í kúrò létè rẹ̀. "Ẹni tó dáhùn ti gbọ́."

Mùínátù pè é lọ. Nígbà tó fi máa pe orúkọ mẹ́tàdínláàádọ́ta tó wà lójú ìwé náà tán, ogójì obìnrin ti wá ti ìka bọ tàdáwà. Méje dáhùn, wọn kò dìde. Ẹ̀ẹ̀meje ni ohùn ń wá láti ibi tí ojú rẹ̀ kò sí. Bó bá yíjú sọ́tùn-ún, òsì ni yóò ti dún. Bó bá yíjú sósì, ìborùn funfun ni yóò bá, funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ funfun, bí ẹyẹ lékeléke tó bà sórí pápá.

Alhaja Fàtímọ̀ pàtẹ́wọ́, ó dá orin, àwọn ìyá gbè é:

*Ẹ má p'orúkọ mi rẹ́ o,*
*Ẹgbẹ́ mi àtàtà,*
*Bí n ò sí lórí ẹní,*
*Mo wà lẹ́nu yín.*

Orin náà dùn débi pé ẹsẹ̀ Mùínátù ń lù ú nílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ̀rù sì ń bà á bó ti ń dùn mọ́ ọn.

Iṣẹ́ tirẹ̀ kò ju kó rí i pé ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti òkè òkun dé ọwọ́ ẹni tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí. Iléeṣẹ́ aláàánú kan ní Ìjẹ̀bú-Òde ló ń bá ṣiṣẹ́. Àwọn òyìnbó kó ọgọ́ta korobá asẹ́mi wá, korobá funfun tó ní ẹ̀rọ lẹ́nu, tí amọ̀ sísun kan wà nínú rẹ̀ tó ń sẹ́ ìdọ̀tí kúrò lára omi. Ọ̀gá Mùínátù, Ọ̀gbẹ́ni Harold Odùkọ̀yà, ló bójú tó o tí wọ́n fi pín in ní Ìbẹfun. Oṣù méjì lẹ́yìn rẹ̀ ló wá fún Mùínátù ní ojú ìwé kìn-ín-ní nínú ìwé orúkọ àwọn tó gbà á, ó ní kó lọ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ Àìkú tí ẹgbẹ́ bá jókòó.

Wọ́n júwe ilé Ráfátù fún un láìṣe wàhálà kankan. Ọkùnrin arúgbó kan ló bá níwájú ilé lórí àpótí, Bàbá Zakariyah, ọkọ Ráfátù.

"Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá. Ìyá ilé yìí ni mo wá rí."

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Òun lo dúró tì yẹn."

Mùínátù wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Sàréè ni. Wọ́n rẹ́ sìmẹ́ńtì sí i dáadáa, wọ́n kọ orúkọ àti ọjọ́ sí i, ọdún mẹ́rin ti kọjá lórí ọjọ́ náà. Korobá funfun wà níbi orí sàréè, ó mọ́, ó ń dán, omi ń kán láti ẹnu ẹ̀rọ rẹ̀ bọ́ sínú abọ́. Tó. Tó. Tó.

"Bàbá... ta ló gba korobá yìí?"

"Òun náà ni. Ìpín rẹ̀ ni." Bàbá Zakariyah bu omi sínú ife, ó nà á sí i. "Gbà. Àlejò Ráfátù kì í kúrò níbí pẹ̀lú òùngbẹ. Kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá."

Kí ni ọmọ Yorùbá tí wọ́n tọ́ dáadáa yóò ṣe? Mùínátù kúnlẹ̀, ó gbà á, ó mu ún. Omi náà tutù bí ìrì. Kò mọ ìgbà tó dé ojú títì.

Inú kòrópe tó ń gba Odògbolú padà sí Ìjẹ̀bú-Òde ló ti yọ fóònù, ó ṣí Àjọmọ̀. Àjọmọ̀ yìí, àwọn olùyẹ̀wò bíi tirẹ̀ ló kóra jọ sórí fóònù, láti Gánà, láti Kẹ́ńyà, láti Íńdíà, láti ibi tó jìnnà. Ẹni tó bá rí ọgbọ́n tuntun tí àwọn olè ń dá sí ẹrù aráàlú, á kọ ọ́ síbẹ̀, kí ẹni tó wà níbòmíràn lè dá a mọ̀ bó bá rí i. Òfin wọn kò pọ̀. Ọ̀kan ni pé ẹnì kan kò gbọ́dọ̀ dárúkọ ènìyàn títí ẹ̀rí yóò fi délẹ̀. Èkejì ni pé ẹni tó bá ṣì í sọ, òun fúnra rẹ̀ ni yóò tún un sọ níbi tó ti kọ́kọ́ sọ ọ́.

Wọ́n ti kọ́ Mùínátù níbẹ̀ pé orúkọ òkú lórí ìwé ni ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ tí olè ń gbà wọlé. Ó gbà pé bí ti Ráfátù ni ti àwọn mẹ́fà yòókù tí kò dìde. Ó kọ ọ́: òkú méje lórí ìwé, ohùn tí kò ní ojú, sàréè tó ní korobá, omi tó mu. Ẹnì kan béèrè pé ta ló mú orúkọ wá. Mùínátù kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó kọ orúkọ Alhaja Fàtímọ̀ àti orúkọ ìlú rẹ̀ síbẹ̀.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ẹ̀rín ni Harold fi pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì.

"Akọni obìnrin! Wọlé, wọlé! Mo ti ka ohun tí o kọ sínú Àjọmọ̀. Àwọn tó ń fún wa lówó náà ti kà á. Òkú méje! Ìyá arúgbó yẹn gbọ́n ju ejò lọ!"

"Ẹ ṣé, sà. Àmọ́ mo fẹ́ kí n padà lọ bi wọ́n ná. Bàbá yẹn kò fi nǹkan kan pamọ́ fún mi."

"Bi wọ́n kí ni? O rí olè tó jẹ́wọ́ rí? Mo ti kọ̀wé sí àwọn ọlọ́pàá. Ọjọ́rú ni wọ́n ń lọ gbé e."

"Gbé Alhaja? Ìyá tó lé ní àádọ́rin ọdún?"

"Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Àbí kì í ṣe ìwọ lo dárúkọ rẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ náà gún Mùínátù nídìí ọkàn. Ó wo ilẹ̀. "Ojú ìwé kejì ńkọ́, sà? Orúkọ mẹ́tàlá ló wà níbẹ̀. N kò tíì yẹ̀ ẹ́ wò."

Ẹ̀rín kò kúrò lẹ́nu Harold, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Fi ojú ìwé kejì sílẹ̀. Àwọn tó mọ̀wé nìyẹn, wọ́n ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ìlú. Wọ́n fọwọ́ síwèé, nọ́ńbà fóònù wọn wà níbẹ̀. Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò fúnra mi."

Ní ìrọ̀lẹ́, Joel fi ohùn ránṣẹ́ sí i. Joel jẹ́ àgbà nínú Àjọmọ̀, ọmọ Kẹ́ńyà tó ti fi ọdún púpọ̀ yẹ ìwé wò kó tó fẹ̀yìn tì. Mùínátù kò rí i rí, ohùn rẹ̀ nìkan ló mọ̀.

"Obìnrin Ìjẹ̀bú," ni Joel wí, "o dárúkọ ènìyàn kí ẹ̀rí tó délẹ̀. Mo bá ọ wí nítorí ìyẹn. Ṣùgbọ́n mo ti ka ọ̀rọ̀ rẹ lẹ́ẹ̀mẹta, nǹkan kan ń kọ mí lóminú. Lọ́dọ̀ tiwa, orúkọ òkú a wà lórí ìwé, ẹrù a sì wà lọ́jà, wọ́n ti tà á. Ìwọ ní o rí korobá lórí sàréè, o tiẹ̀ mu nínú rẹ̀. Olè wo ló ń gbé ìpín òkú lọ fún òkú nílé? Ọgọ́ta ni ẹ kó wá. O ti rí mẹ́tàdínláàádọ́ta. Àwọn tó kù dà?"

Mùínátù gbọ́ ọ tán, ó tún gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì. Ọ̀la ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ọ̀túnla, ọlọ́pàá.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó dé ọ́fíìsì ṣáájú gbogbo ènìyàn, ó ya fọ́tò ojú ìwé kejì, ó gbọ̀nà Ìbẹfun lọ. Níwájú mọ́ṣáláṣí ló bá Alhaja Fàtímọ̀ tó ń gbá ilẹ̀, tó ń kọrin sí ìgbálẹ̀ rẹ̀ bí ẹni ń rẹ ọmọ.

"Alhaja, ẹ káàárọ̀ o. Alhaja, Ráfátù ti k—"

Ìyá náà sáré fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó lẹ́nu. "Kì í ṣe níwájú ẹní!" Ó fà á lọ sẹ́yìn mọ́ṣáláṣí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn bútà àlùwàlá. "Ibí lo ti lè sọ ọ́. Ó ti kú. Àwọn méjèèje ti kú."

"Èé ṣe tí ẹ kò sọ fún mi lọ́jọ́ yẹn?"

"Ta ni yóò sọ irú ẹ̀ láàárín ẹgbẹ́? Ọmọ mi, ẹni tó bá kú nínú wa, a kì í pa orúkọ rẹ̀ rẹ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó sún mọ́ ọn jù ní í jẹ́ ẹ fún un. Yóò tẹrí ba sábẹ́ ìborùn, kí ohùn náà má baà ní ojú. Bí a bá pe orúkọ rẹ̀ lórí ẹní, tí ẹnì kan ní ó ti kú, a lé e jáde nìyẹn. Ìpín rẹ̀ ń lọ sílé rẹ̀, ìbáà jẹ́ ẹran iléyá, ìbáà jẹ́ korobá. Àbí òùngbẹ kì í gbẹ àwọn tó fi sílẹ̀ ni?"

Mùínátù kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ àlùwàlá. Ó rò ó fún un. Ó sọ ti Àjọmọ̀, ó sọ ti orúkọ tó kọ síbẹ̀, ó sọ ti ojú ìwé kejì, ó sọ ti ọlọ́pàá. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹ̀rín kúrò létè Alhaja Fàtímọ̀, ó sì wá dà bí ẹni tó dàgbà lójijì.

"Ọlọ́pàá? Èmi Fàtímọ̀?"

"Lọ́la ni, mà. Èmi ni mo fà á. Ẹ dárí jì mí."

Ìyá náà fà á dìde. Ó wá ní, "O ní ojú ìwé kan ṣẹ́ kù?"

"Ó kù, mà."

"Jẹ́ ká pè é."

Kí oòrùn tó gòkè, àwọn ìyá ti pé sórí ẹní. Alhaja sọ fún wọn pé ọmọ yìí ní orúkọ tó kù. Mùínátù gbé fóònù sójú.

"Olúwaṣèyítán Odùmósù!"

Gbogbo wọn wo ara wọn. Ẹ̀rín bẹ́.

"Olúwa-ṣe-kí-ni? Nínú àwa alásàlátù?"

"Ìgbà wo ni wọ́n sọ ọ́ lórúkọ, àná?"

"Ẹ bi í wò bóyá ó ti kí Súbúhì!" Ìyá Ìbráhìm ló sọ ìyẹn, obìnrin gíga tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ.

"Matilda Ọnàfúwà!"

"Màtílídà! Yéè! Màtílídà, wá jókòó lórí ẹní, a ti fẹ́ àyè sílẹ̀ dè ọ́!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń nu ojú. Orúkọ kẹta, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀kẹrin, wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Nígbà tó di ẹ̀kẹfà, ẹ̀rín náà ti fẹ́lẹ́. Nígbà tó di ẹ̀kẹjọ, kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Mùínátù ń pè é, ohùn rẹ̀ ń lọ bá ògiri, ó ń padà wá bá a. Kò sí ẹni tó tẹrí ba. Kò sí ẹni tó jẹ́ ẹ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tó pe ẹ̀kẹtàlá, ìyá kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ "Áúsù bíláì" lábẹ́lẹ̀.

"Láti ìgbà tí ìyá mi ti gbé mi wá sórí ẹní yìí," ni Alhaja wí, ohùn rẹ̀ kò ròkè, "wọn kò pe orúkọ rí níbí kí ó má rí ẹni jẹ́ ẹ. Àwọn òkú wa ń dáhùn. Àwọn tí ẹ ní wọ́n wà láyé wọ̀nyí, irú ẹ̀dá wo ni wọ́n?"

Ìyá Ìbráhìm ló yọ fóònù kékeré rẹ̀ jáde. "Ṣé nọ́ńbà wà níbẹ̀? Kà á fún mi. Ẹ̀mí àìrí kì í gbé fóònù."

Mùínátù kà á. Ti àkọ́kọ́ kò lọ. Èkejì kò lọ. Ó ń kà á lọ, Ìyá Ìbráhìm ń tẹ̀ ẹ́, kò sí èyí tó lọ. Ó wá kan ti ìkẹyìn, Ayọ̀tọ̀míwá Odùfúwà. Ìyá Ìbráhìm gbé fóònù sétí. Ó gbójú sókè.

"Ó ń dún o."

Ó sì ń dún lóòótọ́. Gbogbo wọn ń gbọ́ ọ. Orin kékeré kan ni, bí orin tí wọ́n fi ń tan ọmọdé sùn, kò sì jìnnà. Àwọn ìyá ń wá a láàárín ara wọn, wọ́n ń gbé ìborùn sókè. Mùínátù nìkan ni kò mira. Ó ti mọ ibi tó ti ń dún. Láti inú ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ni.

Ó wo fóònù tó fi ń ka ìwé. Ó ń gbọ̀n bí ẹyẹ tí wọ́n mú. Kò gbọ́ orin yẹn láti inú rẹ̀ rí. Harold ló fún un ní fóònù náà nígbà tí ọdún bẹ̀rẹ̀, pé kó máa fi ṣiṣẹ́. Síìmù méjì ló bá nínú rẹ̀. Ọ̀kan ló ń lò, kò sì béèrè èkejì.

Àwọn ìyá tó sún mọ́ ọn jù fà sẹ́yìn. Ẹní ṣófo yí i ká.

"Mùínátù," ni Ìyá Ìbráhìm wí jẹ́jẹ́, kò sì sí àwàdà lẹ́nu rẹ̀ mọ́, "ṣé ìwọ ni Ayọ̀tọ̀míwá?"

"Rárá o, mà. Mo fi Ọlọ́run búra."

Ṣùgbọ́n ó rí i báyìí. Obìnrin kan tí kò sí ti ń gbé nínú báàgì òun láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún wá, ó ń bá òun wọ mọ́tò, ó ń bá òun sùn nínú yàrá. Ẹni tó bá ṣí ojú ìwé kejì, òun Mùínátù ni yóò kọ́kọ́ bá lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Harold ti tò ó bẹ́ẹ̀ tipẹ́tipẹ́.

Ó lọ jókòó sórí àtẹ̀gùn mọ́ṣáláṣí, ó ṣàlàyé fún Joel. Ìdáhùn kò pẹ́.

"Má ṣe yára. A lè gbé ọ̀rọ̀ náà jáde láìsí orúkọ rẹ. Bí a ti ń ṣe é nìyẹn, kí iṣẹ́ má baà bọ́ lọ́wọ́ ènìyàn, kí wọ́n má sì tì í mọ́lé. Yóò gba ọ̀sẹ̀ díẹ̀."

"Ìyá yìí ńkọ́? Lọ́la ni."

Joel dáhùn. "N kò ní purọ́ fún ọ. Láìsí ẹlẹ́rìí tó dárúkọ ara rẹ̀, kò sí ohun tí a lè fi dá wọn dúró kó tó di ọ̀la."

Mùínátù gbé fóònù lé orúnkún. Ó ro iṣẹ́ rẹ̀. Ó ro yàrá ọlọ́pàá àti bí wọn yóò ti gbé nọ́ńbà náà síwájú rẹ̀. Níwájú rẹ̀, Alhaja Fàtímọ̀ jókòó, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó ń ka orúkọ nínú rẹ́jísítà rẹ̀ lẹ́nu kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí ẹni tó fẹ́ há a sórí kí wọ́n tó wá gbà á lọ.

Mùínátù bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́.

"Èmi, Mùínátù Odùṣọlá, ni mo ṣì í sọ. Àwọn òkú Ìbẹfun wà, wọ́n nílé, ìpín wọn sì dé ọwọ́ wọn. Alhaja Fàtímọ̀ kò jalè. Orúkọ mẹ́tàlá ojú ìwé kejì ni kò sí láyé, tí kò sì sí lọ́run. Ọ̀gá mi, Harold Odùkọ̀yà, ní òun yẹ̀ wọ́n wò fúnra òun. Nọ́ńbà ọ̀kan nínú wọn wà nínú fóònù tí ọ̀gá mi fún mi. Ẹ wá bi mí."

Ó fi ránṣẹ́ sí Àjọmọ̀. Ó fi ránṣẹ́ sí àwọn tó kó korobá wá, ó ní kí wọ́n bá ọlọ́pàá sọ̀rọ̀ lónìí. Ó sì dìde, ó padà sórí ẹní, ó jókòó láàárín àwọn ìyá. Wọ́n sún fún un.

Kò pẹ́ tó bí ẹni jẹ ẹ̀pà ọwọ́ kan tí fóònù fi dún. Harold ni. Mùínátù gbé e.

"Ẹ káàsán, sà."

"Mùínátù." Ohùn rẹ̀ tutù, ó rọ̀ bí ti dókítà. "Níbo lo wà?"

"Ìbẹfun ni, sà."

"Kí lo ń ṣe níbẹ̀?"

"Ojú ìwé kejì, sà."

Mùínátù ń gbọ́ fáànù ọ́fíìsì tó ń ké lókè orí Harold, ó ń gbọ́ èémí rẹ̀. Lórí ẹní, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún wọn, àwọn ìyá ń fa ìborùn bojú lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń tẹrí ba.

"Ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ?" ni Harold béèrè.

Mùínátù wo ìborùn funfun láti òpin kan dé òpin kejì, àti àyè méje tí wọ́n fi sílẹ̀ láàárín ara wọn, tí ẹnikẹ́ni kò jókòó sí.

"Gbogbo wọn, sà," ló wí.